Omi Tó Wà Láàárín Orí

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀gbọ́n mi fi wà ní Kútọnu láì kúrò nínú yàrá tó wà lẹ́yìn pálọ̀ wa ní Agége.

Màmá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn ará ilé ní ọ̀sẹ̀ tí àìsàn náà kọ́kọ́ dé. Wọ́n ní ọmọkùnrin àwọn ti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ kan ní Kútọnu. Ilé tí a ń gbé jẹ́ ilé gígùn kan tí yàrá mẹ́jọ kọjú sí yàrá mẹ́jọ, ògiri rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé bí ènìyàn bá sín ní ìpẹ̀kun kan, ẹni tó wà ní ìpẹ̀kun kejì á kí i pé ó kú ewu. Kò sí bí a ṣe lè fi àgbàlagbà ọkùnrin pamọ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Wọ́n ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń rìn láti ògiri dé ògiri, àti bó ṣe ń bá àwọn tí a kò rí jiyàn. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan.

Bí màmá mi bá ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ, alápatà tó ń gbé ní yàrá kejì sí tiwa á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Ọkùnrin wa tó wà ní Kútọnu ńkọ́?"

"Ó wà o, a dúpẹ́."

"Ẹ bá mi kí i o."

"Á gbọ́."

Nígbà mìíràn, láti ẹ̀yìn fèrèsé tí a fi aṣọ bò, a ó gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi jẹ́jẹ́: "Mo gbọ́ o. Ẹ ṣeun." Alápatà á mi orí, á gbé korobá rẹ̀, á sì máa lọ, bí ẹni pé láti Kútọnu ni ìdáhùn náà ti wá.

Kí n sọ èyí kí n tó lọ síwájú. Mo máa ń fi "ẹ" bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀, torí ọdún méje ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n nínú ohun tí mò ń kọ yìí, "ó" ni màá máa pè é. Kì í ṣe àrífín. Àwọn kan wà tí òun nìkan ń gbọ́. Àwọn yẹn ni a máa ń pè ní "wọn" nílé wa, n kò sì fẹ́ kí ẹ ṣi òun àti àwọn mú fún ara wọn.

Ẹ̀kọ́ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá ni mo kà ní yunifásítì. Ẹ lè rò pé torí ẹ̀gbọ́n mi ni. Èmi náà máa ń rò bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà màá tún rò pé rárá, torí ara mi ni, torí pé láti kékeré ni mo ti jẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀, tó máa ń fẹ́ mọ ohun tó ń ṣe é kó tó ṣe é. Lẹ́yìn tí mo sin ìjọba tán, ọdún kan gbáko ni mo fi jókòó sílé kí n tó ríṣẹ́ ní ilé àyẹ̀wò kan ní Ìkejà, láàárín àwọn iléeṣẹ́ ńlá, níbi tí òórùn bisikíìtì ti máa ń gba afẹ́fẹ́ láàárọ̀, tí òórùn ọ̀dà á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá di ọ̀sán.

Dókítà tó gbà mí síṣẹ́ jẹ́ obìnrin Èkìtì kan tí kì í gbé ohùn sókè. Ìwádìí ni wọ́n ń ṣe lórí àìsàn tí àwọn oníṣègùn ń pè ní sikisofiréníà. Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé àìsàn náà kò rí bákan náà lára ẹni méjì. Ẹnì kan á máa gbọ́ ohùn láti òwúrọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ kò ní ṣi ọ̀nà ilé rẹ̀. Ẹlòmíràn kò gbọ́ ohùn kankan, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ fún un nísinsìnyí á ti jò dànù kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá bí ọpọlọ ẹnìkọ̀ọ̀kan ṣe rí nínú àwòrán bá ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu mu. Nítorí náà, ẹ̀rọ ńlá tó ń fi òòfà ya inú orí á ya àwòrán wọn, èmi á sì yẹ ìrántí wọn wò.

Iṣẹ́ mi rọrùn lójú. Màá ka ọ̀rọ̀ méjìlá fún ẹni tó jókòó níwájú mi: ìkòkò, ẹyẹ, iyọ̀, àtẹ̀gùn, òwú, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Á tún un kà fún mi. A ó sọ̀rọ̀ nípa nǹkan mìíràn fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà màá ní kó tún wọn kà láì jẹ́ pé mo rán an létí. Ọkùnrin kan wà tí kò rántí ju méjì lọ, ṣùgbọ́n ó fi "ilẹ̀kùn" kún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, n kò ka ilẹ̀kùn." Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí a ṣe ń wo ọmọ tó sọnù lọ́jà. Ó ní, "Ẹ kà á. Ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ ara yín." Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mo tún ìwé ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀mẹta láti rí i dájú pé kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, dókítà ní kí n bá àwọn ra ọpọlọ màlúù wá láti ibi ìpẹran Oko Ọba. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń kọ́ òṣìṣẹ́ tuntun níbẹ̀: wọ́n fẹ́ kí ènìyàn fọwọ́ kan nǹkan náà kó tó máa wò ó lójú kọ̀ǹpútà. Mo lọ bá alápatà ilé wa níbi iṣẹ́ rẹ̀.

"Ọpọlọ?" Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì, èyí tẹ́ ẹ gbé lọ ti tán ni?"

"Iṣẹ́ la fẹ́ fi ṣe, bàbá."

"Mo gbọ́. Ṣó o rí i, ọpọlọ kì í ṣe ẹran gidi. Bí ẹni jẹ ọ̀rọ̀ tí wọn ò sọ tán ló máa ń rí lẹ́nu." Ó wé e sínú ọ̀rá fún mi. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. "Yára o. Kì í pẹ́ rọ̀."

Dókítà fi ọ̀bẹ gígùn là á sí méjì lórí àwo. Wọ́n fi ìka hàn mí pé láàárín gbùngbùn rẹ̀, ihò kan wà, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó rí bí ìyẹ́ ẹyẹ tó ká. "Omi ló ń gbé ibẹ̀," wọ́n ní. "Gbogbo wa la ní adágún kékeré láàárín orí. Bí a bá kó àwọn tó ní àìsàn yìí jọ sí apá kan, tí a kó àwọn tí ara wọn dá jọ sí apá kejì, adágún ti àwọn aláìsàn máa ń fẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Èèpo ọpọlọ wọn náà máa ń fẹ́lẹ́ díẹ̀, pàápàá níbí, lẹ́bàá etí, níbi tí ariwo ti ń di ọ̀rọ̀, àti níwájú níbí, níbi tí a ti ń to nǹkan tẹ̀léra. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èrò là ń sọ o. Bí ẹ bá rí àwòrán ẹnì kan ṣoṣo, ẹ má fi dá a lẹ́jọ́."

Mo ti ìka mi bọ inú ihò náà. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣàlàyé. Kò bà mí lẹ́rù. Ó bà mí nínú jẹ́ ni, nítorí ihò náà kéré. Mo ti rò pé ibi tí nǹkan tó ń da ẹ̀gbọ́n mi láàmú ń gbé á tóbi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, obìnrin kan tí ara rẹ̀ dá, tó ti ṣèlérí pé òun á wá kí wọ́n ya orí òun, kò dé. Ẹ̀rọ ti wà ní ìmúrasílẹ̀. Dókítà yíjú sí mi. "Ṣé o lè bá wa dí ààyè rẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀: ṣé ẹnì kankan wà nínú àwọn ọmọ ìyá tàbí ọmọ bàbá yín tó ti gba ìtọ́jú fún àìsàn ọpọlọ rí?

Mo kọ ọ́ pé rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́: n kò gbèrò irọ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń dáhùn ìbéèrè yẹn ní oríṣiríṣi ọ̀nà, nílé ìwé, ní ilé kéwú, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́. Méjì la jẹ́, èkejì wà ní Kútọnu. Irọ́ náà ti pẹ́ lẹ́nu mi débi tó ti di ìwà ọmọlúàbí, bí ìgbà tí ènìyàn ń kúnlẹ̀ kí àgbà láì mọ̀ pé òun ti kúnlẹ̀. Ìgbà tí mo dá fọ́ọ̀mù náà padà tán ni mo tó mọ ohun tí mo kọ. Wọ́n ti ń pè mí nígbà yẹn. Mo yọ yẹtí mi, mo yọ píìnì tó wà nírun mi, mo dùbúlẹ̀, wọ́n sì tì mí wọnú ihò ẹ̀rọ náà.

Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí ènìyàn púpọ̀ bá ń fi òòlù lu páànù níta ibojì. Ó ń lù, ó ń dákẹ́, ó ń lù. Nígbà tó yá, nínú lílù náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orúkọ mi. Mo mọ ohun tó fà á. Mo ti kà á nínú ìwé pé ọpọlọ gbogbo ènìyàn ló máa ń wá ọ̀rọ̀ kiri nínú ariwo, bí ẹni ń wá ojú nínú ìkùukùu. Kò túmọ̀ sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nílé wa, bí o bá gbọ́ orúkọ rẹ tí o kò rí ẹni tó pè ọ́, o kò gbọdọ̀ dáhùn. Èmi tí mo ti kàwé jáde, mo di ẹnu mi pinpin títí wọ́n fi fà mí jáde.

Nígbà tí mo gbé oúnjẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ìrọ̀lẹ́, kò fọwọ́ kan abọ́. Ó ń wo orí mi.

"O wọ inú rẹ̀ lónìí," ó ní.

"Inú kí ni, bùrọ̀dá?"

"Ibi tí wọ́n ti ń wo inú orí. Wọ́n ní àwọn rí ọ. Wọ́n ní àwọn ń wò ọ́ láti inú lọ́hùn-ún."

N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fara ti ògiri. Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ kan etí mi, mo rí i pé n kò tíì fi yẹtí padà, irun mi sì tú. Èmi fúnra mi ni mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn mú irin wọbẹ̀. Bóyá ohun tó rí nìyẹn. Ìyẹn ni mo dì mú. Ṣùgbọ́n n kò padà lọ bi í, torí ẹ̀rù ń bà mí pé ó lè ní kì í ṣe ìyẹn.

Ní bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Dókítà gbé àwòrán orí méjì sí ojú ògiri, kò sí orúkọ lára wọn. Adágún ti àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́. Ti ìkejì fẹ̀, ó dúdú, ó na apá méjèèjì bí ẹyẹ tó fẹ́ fò.

"Èwo ni aláìsàn nínú wọn?" dókítà bi wọ́n.

Gbogbo wọn nawọ́ sí ìkejì. Ọ̀kan tilẹ̀ ní, "Ìyẹn ò le, Mà. Ẹni yẹn ti lọ pátápátá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Dókítà náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ẹ ti ṣì í. Àkọ́kọ́ ni aláìsàn. Ìkejì yìí, ara rẹ̀ dá ṣáká. Àìsàn náà kò sí lára rẹ̀, kò sí nínú ẹbí rẹ̀. Bí adágún ṣe máa ń fẹ̀ lára ẹni tí nǹkan kan ò ṣe nìyẹn. Torí náà, ẹ ṣọ́ra."

Nọ́ńbà kan wà ní igun àwòrán ìkejì. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ nọ́ńbà náà sórí fáìlì. Tèmi ni.

Mo dúró lẹ́yìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, mò ń wo inú orí mi lára ògiri. Bí mo bá ní ẹ̀rù bà mí, n kò tíì sọ ìdajì. Ẹ̀rù àkọ́kọ́ ni pé adágún náà fẹ̀, mo sì mọ ohun tí dókítà kò mọ̀. Ẹ̀rù kejì ló burú jù: àwọn ọmọ wọ̀nyí á lọ di dókítà, wọ́n á sì máa fi orí mi ṣe ẹ̀rí ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú òkìtì àwọn tí ara wọn dá, tí wọ́n fi ń wọn àwọn aláìsàn, mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú irọ́ mi. Bí mo bá dákẹ́, ìwọ̀n náà kò ní péye láé. Bí mo bá sọ̀rọ̀, iṣẹ́ mi lè lọ, Kútọnu náà á sì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ara mi wò. Bí mo bá gbàgbé ibi tí mo fi kọ́kọ́rọ́ sí, ọkàn mi á já. Bí ẹnì kan bá pè mí lójú títì ní Abúlé Ẹ̀gbá, màá kọ́kọ́ wo ẹnu gbogbo ènìyàn kí n tó dáhùn. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ń bá wọn jiyàn lẹ́yìn ògiri, màá dákẹ́ síi láti mọ̀ bóyá mo lè gbọ́ apá kejì ọ̀rọ̀ náà. N kò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mo máa ń dákẹ́.

Ohun mìíràn wà tó ń le mí. Oògùn ẹ̀gbọ́n mi ti tán láti oṣù mẹ́rin. Tẹ́lẹ̀, ìdájí nìkan ló máa ń kúrò nínú yàrá, tí màmá mi á mú un lọ gbà á kí ilé tó jí, pẹ̀lú ìbòrí lórí rẹ̀ bí àlejò. Lọ́jọ́ tí wọ́n lọ kẹ́yìn, wọ́n bá obìnrin kan tó ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa pàdé nílé ìwòsàn tí wọ́n ti ń gbà á. Wọn kò tún padà síbẹ̀ mọ́.

Mo bá màmá mi lẹ́yìn ìrun àṣáárì, nígbà tí wọ́n ń ká aṣọ. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ sọ fún dókítà níbi iṣẹ́ wa pé ẹ̀gbọ́n mi wà nílé."

Wọn kò gbójú sókè. "Ẹ̀gbọ́n rẹ wà ní Kútọnu."

"Màmá, ó ń gbọ́ wa."

Ó wúkọ́ nínú yàrá, bí ẹni fẹ́ jẹ́rìí sí mi.

Màmá mi fi aṣọ sílẹ̀. "Ṣó o rò pé torí tirẹ̀ ni mo ṣe ń pa á mọ́? Nígbà tí bàbá rẹ fẹ́ fẹ́ mi, àwọn ẹbí wọn lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń wádìí láti ojúlé dé ojúlé. Ṣé wèrè wà nídìí wọn? Ṣé ẹ̀tẹ̀ wà? Ṣé wárápá wà? Gbogbo ènìyàn ní kò sí. Ìdí tí mo fi délé ọkọ nìyẹn. Ìwọ náà, wọ́n á wádìí rẹ. Kí ni kí n ní kí àwọn ará ilé yìí máa sọ? Ìwọ ni mo fi í pamọ́ fún, ìwọ ọmọ yìí."

Ọdún mẹ́fà ni mo fi rò pé ojú ń ti àwa méjèèjì nítorí rẹ̀. N kò mọ̀ pé lórí mi ni wọ́n ti ilẹ̀kùn náà sí.

Ohùn ẹ̀gbọ́n mi wá látẹ̀yìn aṣọ ẹnu ọ̀nà, ó mọ́ kedere bí ti ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. "Ẹ má bá a wí, màmá. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo mú Kútọnu fún yín."

Màmá mi bojú.

"Mo ní kí ẹ wí bẹ́ẹ̀ títí yóò fi lọ sílé ọkọ," ó ní. "Ṣùgbọ́n kò tètè lọ. Ó sì ti rẹ̀ mí níbẹ̀."

Bí màmá mi ṣe ń sunkún ni wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọn kò ní kí n sọ, wọn kò ní kí n má sọ. Wọ́n gbé aṣọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká a láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì mo kan ilẹ̀kùn dókítà. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti ilé, ṣùgbọ́n ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Mà, èmi ni mo ni orí tí ẹ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan. Mo parọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n wá fáìlì mi nínú òkìtì àwọn tí ara wọn dá, wọ́n yọ ọ́. "Ṣó o mọ iye ìgbà tí mo ti fi àwòrán yìí ṣe àpẹẹrẹ?"

"Ẹ má bínú, Mà."

"Mò ń bínú." Ohùn wọn kò yí padà. "Láti òní, o kò ní ka ọ̀rọ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí màá fi sọ. Ìwé ni wàá máa tò." Wọ́n gbé fáìlì náà sórí òkìtì mìíràn, ti àwọn ọmọ ìyá aláìsàn, tí n kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n rẹ náà, ó ń lo oògùn?"

"Oṣù mẹ́rin ti kọjá, Mà."

"Mú un wá lọ́la. Kì í ṣe torí àwòrán o. Torí oògùn."

A jáde nílé ní agogo mẹ́wàá àárọ̀, nínú oòrùn. Mo di ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́ mú. Ó ti gé irun, ó wọ ṣáàtì tó ti gbó. Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ gbójú sókè. Omi ń dà láti ẹnu ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó tì í. Alápatà, tí kò lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, dìde lórí bẹ́ǹṣì, mo sì rò pé ẹ̀sín ti dé.

"Há!" ó ní. "Ẹni Kútọnu! Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ìrìn!"

Àwọn obìnrin náà gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ẹ káàbọ̀, ẹ kú ìrìnàjò, ṣé àlàáfíà lẹ dé? Ọ̀kan bèèrè ohun tó mú bọ̀ fún wọn.

"Ọ̀nà ibẹ̀ ò dáa," ẹ̀gbọ́n mi ní. "Gbogbo ẹrù mi ni wọ́n gbà ní bọ́dà."

Ẹ̀rín sọ. Mo wò ó, n kò sì mọ̀ bóyá ó ń ṣeré tàbí ó gbà gbọ́ pé ó lọ. Títí di òní n kò mọ̀.

Wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ àti oògùn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbà kí wọ́n ya orí rẹ̀. Òṣìṣẹ́ mìíràn ló ka ọ̀rọ̀ méjìlá náà fún un. Mẹ́ta ló rántí, òun tó lè bá ohùn tí a kò gbọ́ ṣe àríyànjiyàn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì pàdánù ìdí ọ̀rọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó bẹ dókítà kí wọ́n jẹ́ kó rí tirẹ̀ àti tèmi pa pọ̀. Mo ní mo gbà.

Adágún tirẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn. Tèmi na apá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dúdú.

Dókítà ní ojú lásán kò lè rí bí èèpo ṣe fẹ́lẹ́ tó, ẹ̀rọ ló máa wọ̀n ọ́n, àti pé àwòrán méjèèjì kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí èmi tàbí ìdí tó fi ṣẹlẹ̀ sí òun. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo gbà á gbọ́. Ó kàn jẹ́ pé mo ti fẹ́ kí adágún tirẹ̀ fẹ̀, kí n lè mọ ibi tó gbà wọlé, ojú sì tì mí pé mo fẹ́ ẹ.

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Tèmi ló dáa jù," ó ní. "Àbúrò, ìwọ gan-an ló yẹ ká rán lọ sí Kútọnu."

A jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta kí wọ́n tó pè wá fún oògùn. Ní iwájú wa, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ tó wà lódìkejì ń wọlé, òmíràn ń jáde. Mo rí i pé ó ń wò wọ́n. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ike lòun náà ti ṣiṣẹ́ rí, ó máa ń po àwọ̀ mọ́ ike tó yọ́. Mo wá mọ̀ pé láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni kankan nínú wa tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo la ṣe fẹ́ béèrè, nígbà tí kò sí nílé?

"Bùrọ̀dá, báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀?"

Kò yà á lẹ́nu. "Kì í ṣe ohùn ló kọ́kọ́ dé. Nǹkan mẹ́rin la máa ń ṣe nídìí ẹ̀rọ ike yẹn. Mo mọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ kan mi ò mọ èyí tó ṣáájú mọ́. Mo máa dúró síbẹ̀, màá máa wò ó. Mo ń kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, òógùn á pa á rẹ́. Ó tó oṣù méjì, mi ò sọ fún ẹnì kan."

"Ohùn ńkọ́?"

"Ìgbà tó rẹ̀ mí tán ló dé. Ọ̀kan ṣoṣo ni. Kò bú mi. Ó ràn mí lọ́wọ́ ni. Ó ní, 'Da àwọ̀ sí i báyìí.' Mo dà á, ó sì rí bó ṣe yẹ. Inú mi dùn débi pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo bi í pé, "Ohùn ta ni?"

Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ tutù, kò sí ìjà níbẹ̀. "Ohùn tìrẹ ni."

Nọ́ọ̀sì kan yọjú, ó ní kí a wọlé wá gba oògùn. Mo gbé ọwọ́ sókè pé kó fún wa ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ dìde kí n sá, n kò ní parọ́ fún yín. Mo wo ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi nínú eruku. Mo wá ní kó máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.